Títo Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́ Onísọ́ọ̀kì Padà: Àlàyé Iṣẹ́ Ọwọ́ kan láti Gbági

Ìfáàrà

Nínú gbogbo irú àròkọ tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá ni ó jọ pé ó rọrùn jù lójú wọn. Bí a bá ní kí ọmọ kan ṣàlàyé bí a ṣe ń se àsáró, yóò kọ ọ́ tán kí aago tó lù. Àwa olùkọ́ náà yóò sì fún un ní máàkì, nítorí pé a ti mọ àsáró sè kí ó tó sọ ọ́ fún wa. Ibi tí ó bá fò, ọkàn wa ni ó ń bá a dí i. Ìdí nìyí tí a fi rò ó pé ó yẹ kí á wá iṣẹ́ kan tí ẹni tí ó ń kà nípa rẹ̀ kò mọ̀ rárá, tí ó fi jẹ́ pé bí àlàyé bá fi ibì kan sílẹ̀, ohun tí à ń tò kò níí ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí a rí ni títo fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ padà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì kejì àgbà ni ó ni kẹ̀kẹ́ náà. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe fún gígun òkè àti gbígba ojú ọ̀nà tí kò dán. Kẹ̀kẹ́ agòkè ni a óò máa pè é nínú iṣẹ́ yìí. Fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ yẹ kí ó máa wọlé kí ó sì máa jáde bí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí kòtò, ṣùgbọ́n ó ti gan. Bí ó bá tilẹ̀ wọlé, kò tètè ń jáde mọ́, ó sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọmọ náà a sì máa gun kẹ̀kẹ́ yìí sọ̀kalẹ̀ láti Mápó wá sí Bẹẹrẹ ní àràárọ̀. Ẹni tí ó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó yóò mọ ìdí tí ọkàn wa kò fi balẹ̀.

A kó kẹ̀kẹ́ náà lọ bá bàbá kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Gbági. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé. A óò sì jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí ó ti ọwọ́ àwa olùkọ́ wá, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ.

Kẹ̀kẹ́ ní Gbági

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní fi mọ Gbági. Bí a bá sì pe Gbági fún wọn, ọjà tuntun tí ó wà ní ọ̀nà Ìfẹ̀ ni ọkàn wọn ń lọ sí. Gbági àtijọ́ tí à ń sọ yìí ni èyí tí ó wà létí Dùgbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí agbègbè náà, àwọn ará Lébánónì náà sì tẹ̀ lé wọn, orúkọ wọn ṣì wà lára òpópó ibẹ̀ títí di òní. Kẹ̀kẹ́ wà lára ọjà tí wọ́n ń tà. Raleigh ni ó gbajúmọ̀ jù. Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Rudge àti Humber náà wà, Raleigh sì ti ra orúkọ àwọn méjèèjì tó bá fi máa di àárín ọ̀rúndún tó kọjá.

Ohun tí ó kàn wá nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe odindi kẹ̀kẹ́ ni ó sábà máa ń ti inú ọkọ̀ òkun jáde. Títú ni wọ́n máa ń tú u sínú àpótí. Ẹnì kan ní láti tò ó kí wọ́n tó lè tà á. Láti ara títò yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti kọ́ iṣẹ́. Bàbá tí a lọ bá sọ fún wa pé títò ni ọ̀gá òun kọ́kọ́ kọ́ òun, pé ọdún kan gbáko kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí òun fi sípánà tú ohunkóhun. A bèèrè ìdí rẹ̀. Ó ní: “Tíṣà, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tò, kò yẹ kí ó tú u.”

Irú fọ́ọ̀kì tí à ń sọ

Fọ́ọ̀kì Raleigh àtijọ́ kò ní sọ́ọ̀kì. Irin méjì tí ó so pọ̀ lókè ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Títẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ inú táyà àti sípíríǹgì abẹ́ ìjókòó ni ó ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà mọ́ra. Kò sí ohun tí ó ń wọ inú ohun mìíràn.

Ti alùpùpù yàtọ̀. Àwọn ọlọ́kadà mọ fọ́ọ̀kì tí irin kan ń wọ inú irin kejì, tí sípíríǹgì àti ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ ta alùpùpù tí ó ní irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì, ní 1935. Ó pẹ́ kí ọgbọ́n yìí tó dé ara kẹ̀kẹ́ agòkè. Ní 1989 ni Paul Turner gbé fọ́ọ̀kì RockShox RS-1 jáde ní Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni ó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà 5 péré ni ó sì ń wọlé. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, Doug Bradbury ṣe Manitou tirẹ̀, ó sì yọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì kúrò. Rọ́bà kéékèèké ni ó tò léra wọn sínú irin gẹ́gẹ́ bí sípíríǹgì. Irú ti rọ́bà yìí rọrùn láti ṣe, kò sì wọ́n, ìdí nìyí tí ó fi wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ agòkè ọdún 1990 sí 2000. Irú rẹ̀ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Bàbá kò tíì tú irú rẹ̀ rí. Ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà rẹ̀, ó ní: “Ọmọ ìyá fọ́ọ̀kì ọ̀kadà ni. Kò kàn ní ọ́ìlì ni.” Lójú tiwa, gbólóhùn yìí dára ju ọ̀pọ̀ oríkì inú ìwé lọ. Ó fi ohun tí a mọ̀ ṣe ìpìlẹ̀, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Kí á tó lè ṣàlàyé títò, orúkọ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa mọ iṣẹ́ ńlá tí àwọn àgbà onímọ̀ ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú ìwé kìíní tí ó jáde ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ni ti ìkejì ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe ìwé wọ̀nyẹn fún, a kò sì retí kí á rí fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ẹnu oníṣẹ́ ni a ní láti lọ gbọ́ ti èyí.

Ara ènìyàn ni Bàbá fi ń sọ orúkọ fọ́ọ̀kì. Ọrùn ni ó pe irin tí ó gòkè wọ inú kẹ̀kẹ́ tí a sì ń de ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Èjìká ni irin agbede tí ọrùn jókòó lé, tí ó so òsì àti ọ̀tún pọ̀. Láti èjìká ni ẹsẹ̀ méjì ti sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ni ó wọ inú irin mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ. Nítorí náà, ẹsẹ̀ inú àti ẹsẹ̀ òde ni a pè wọ́n. Ẹsẹ̀ inú ń dán, kò sì gbọdọ̀ ní ojú ọgbẹ́ kankan. Ara ẹsẹ̀ òde ni táyà àti búrẹ́ẹ̀kì wà, afárá kan sì so ẹsẹ̀ òde méjèèjì pọ̀ lókè táyà.

Nínú ẹsẹ̀ òde kọ̀ọ̀kan ni búṣì méjì wà, ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu, ọ̀kan nísàlẹ̀. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ ni búṣì. Orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ inú ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ní ẹnu ẹsẹ̀ òde ni rọ́bà ẹnu wà, tí kì í jẹ́ kí eruku wọlé. Inú ihò ẹsẹ̀ inú ni àwọn rọ́bà tí ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì wà. Wọ́n gún wọn jọ sára irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹran orí igi sùyà, pẹ̀lú wọ́ṣà láàrin ara wọn. Ìdérí kan dé e lókè, bóòtì kan sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òde kọ̀ọ̀kan, òun ni ó di ẹsẹ̀ òde mọ́ ẹsẹ̀ inú. A bẹ̀ yín kí ẹ fi bóòtì ìsàlẹ̀ yìí sọ́kàn. Bí ó bá yọ nígbà tí ènìyàn wà lórí kẹ̀kẹ́, tí táyà iwájú sì fò kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ òde lè bọ́ kúrò lára ẹsẹ̀ inú pẹ̀lú táyà àti búrẹ́ẹ̀kì.

Títú u àti fífọ̀ ọ́

Títú kò gba àkókò. A yọ táyà iwájú, a tú wáyà búrẹ́ẹ̀kì, a sì yọ ìdérí òkè méjèèjì kí á tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, nítorí pé rọ́bà inú ń ti ìdérí yẹn sókè. A fa rọ́bà pẹ̀lú irin wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni a fi irin olórígun mẹ́fà tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀ (ẹ́líńkíì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é) tú bóòtì ìsàlẹ̀ ní ìyípo díẹ̀. Bàbá fi igi gbá orí bóòtì náà jẹ́jẹ́ kí ohun tí ó há mọ́ inú lè tú sílẹ̀, ó yọ bóòtì tán, ó sì fa ẹsẹ̀ òde wá sísàlẹ̀. Ohun tí ó dà jáde kì í ṣe gíríìsì mọ́. Ẹrẹ̀ dúdú ni, eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan pọ̀ mọ́ ọn.

Fífọ̀ ni ibi tí a ti rí ohun tí a kò rò. Àwọn ọmọ ti gbé bẹntiróò wá nínú ìgò. Bàbá ní kí wọ́n gbé e padà. Ó ní kí wọ́n fi kẹrosíìnì nu ibi tí ó jẹ́ irin nìkan, kí wọ́n sì fi omi ọṣẹ fọ rọ́bà àti búṣì, kí wọ́n fi àkísà tí kò ní òwú nù wọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa. Bẹntiróò a máa mú kí rọ́bà wú, kí ó sì rọ̀. Rọ́bà mìíràn kò tilẹ̀ níí wú lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò máa fọ́.

Ní ti rọ́bà inú, ọjọ́ ogbó ni ọ̀tá rẹ̀. Méjì nínú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rún bí búrẹ́dì àná, èyí tí ó kù ti le. Kò sí ibi tí a lè ti rí irú rẹ̀ rà ní Ìbàdàn. Bàbá wọn gígùn gbogbo rọ́bà ẹsẹ̀ kan lápapọ̀, ó wọn fífẹ̀ ihò, ó sì lọ ṣa sípíríǹgì irin méjì tí wọ́n dọ́gba, tí gígùn wọn tó ìwọ̀n náà, tí ọwọ́ sì lè tẹ̀ wọ́n wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní irú fọ́ọ̀kì yìí lókè òkun náà ti fi sípíríǹgì irin rọ́pò rọ́bà. Ohun tí Bàbá tẹnu mọ́ ni pé ohun tí a bá ṣe sí ẹsẹ̀ òsì ni kí á ṣe sí ti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí sípíríǹgì wọ̀nyí, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, rọ́bà àtijọ́ tí ó ṣì dára díẹ̀ ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ní títò. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni àṣìṣe wa ṣẹlẹ̀.

Gíríìsì wo?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gíríìsì kan náà ni gbogbo gíríìsì. Gíríìsì tí a ń rà nínú agolo fún bíárìn ọkọ̀ sábà máa ń ní èròjà lítíọ́mù, epo rọ̀bì ni wọ́n sì fi pò ó. Irin fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe fọ́ọ̀kì onírọ́bà kìlọ̀ pé kí á má fi irú rẹ̀ sí i, nítorí pé ó lè ba rọ́bà àti búṣì jẹ́. Gíríìsì tí wọ́n fi sílíkóònù tàbí téfílọ́ọ̀nù ṣe ni wọ́n ní kí á lò.

A rò pé a óò pẹ́ kí á tó lè ṣàlàyé èyí fún Bàbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n láti ara búrẹ́ẹ̀kì mọ́tò. Ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì rọ́pò omi búrẹ́ẹ̀kì, rọ́bà inú rẹ̀ yóò wú, búrẹ́ẹ̀kì yóò sì kọ̀. Ó wá rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ sí àwọn tí ń ta ẹ̀yà mọ́tò pé kí ó ra gíríìsì sílíkóònù tí àwọn tí ń tún búrẹ́ẹ̀kì ṣe ń lò. Agolo kékeré ni, ó sì wọ́n ju ti bíárìn lọ fíìfíì. Ìwọ̀nba tí à ń lò kò pọ̀, bí a bá lò ó bí ó ti tọ́.

Ohun tí a kọ sójú pátákó

Nígbà tí a padà dé ilé-ìwé, a pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó bá wa lọ sí Gbági ni yóò tú fọ́ọ̀kì, àwọn tí kò lọ ni yóò tò ó, ojú pátákó nìkan ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ wò. Àwa fúnra wa ni a kọ àlàyé náà. A kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn rẹ̀ ni èyí: Ẹ fi gíríìsì sí inú ẹsẹ̀ òde, ẹ fi gíríìsì sí ara rọ́bà, kí ẹ tó fún gbogbo bóòtì dáadáa.

Àwọn ọmọ náà ṣe ohun tí a wí. Wọ́n fi gíríìsì sí inú ẹsẹ̀ òde títí ó fi kún. Agolo náà tán. Wọ́n kó rọ́bà tí gíríìsì bò mọ́lẹ̀ sínú ẹsẹ̀ inú, wọ́n dé e. Nígbà tí a fi gbogbo ara tẹ fọ́ọ̀kì náà, kò wọlé tó ìbú ìka kan. Ọ̀kan nínú wọn sì fún bóòtì ìsàlẹ̀ òsì dáadáa tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a gbọ́ ariwo kíṣì kékeré kan. Ẹyín ihò náà ti ya. Ẹsẹ̀ òde kì í ṣe irin líle bí ti Raleigh, alumíníọ́mù ni, bí ìkòkò ìdáná.

A kó o padà lọ sí Gbági pẹ̀lú ìtìjú. Bàbá kò bá àwọn ọmọ wí. Ó ní kí a ka ohun tí a kọ fún òun. Nígbà tí a kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Tíṣà. Mo ní kí ẹ pa búṣì, kí ẹ kun rọ́bà, kí ẹ fi tọ́ ẹnu rẹ̀. Èwo ni fífi sí?”

Ó tọ̀nà. A wo ìwé tí a fi kọ nǹkan sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ wa ni a fi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di fi sí. Bí a bá fi nǹkan pa ohun kan, bí a ti ń fi òróró pa ara, a ń fi ọwọ́ rìn ín mọ́ ọn títí gbogbo ojú rẹ̀ yóò fi gbà á. Bí a bá fi nǹkan kun ohun kan, fẹ́lẹ́ ni ó ń bò ó lórí, kì í ga. Bí a bá fi nǹkan tọ́ ibì kan, orí ìka ni ó mọ. Èyí tí àwọn ọmọ ṣe ni bíbù sí, Bàbá kò sì sọ ọ́ rárá. Fi sí gba gbogbo rẹ̀, ó sì gba kíkún agolo pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé èdè wa ni kò ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe gúńgún fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà, ẹni tí ó gba oyè ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó pa á rẹ́.

Ìdí tí gíríìsì àpọ̀jù fi sọ fọ́ọ̀kì di igi kò ṣòro. Bí a bá tẹ rọ́bà láti òkè, ó ní láti rí àyè wú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyè yẹn ni gíríìsì gbà.

Títò ó padà

Èyí ni àlàyé tí a tún kọ lẹ́yìn náà, tí àwọn ọmọ mìíràn sì fi tò ó láìṣìṣe.

Kọ́kọ́ fi ìka wọ ẹnu ẹsẹ̀ òde, kí o sì fi gíríìsì sílíkóònù pa ojú búṣì òkè yíká. Búṣì ìsàlẹ̀ jìn, ìka kò lè dé ibẹ̀. Wé àkísà mọ́ orí igi, fi gíríìsì sí orí rẹ̀, kí o sì fi pa òun náà. Àárín búṣì méjèèjì kò fẹ́ nǹkankan. Fi gíríìsì tọ́ abẹ́ rọ́bà ẹnu yíká, kí ó lè máa mú eruku tí ó bá fẹ́ wọlé. Lẹ́yìn èyí, fi àkísà tí ó mọ́ nu ẹsẹ̀ inú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ọwọ́ rẹ ti kó nǹkan báyìí, kí o sì fi gíríìsì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ìdajì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Wá ki ẹsẹ̀ inú méjèèjì bọ ẹsẹ̀ òde lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá so wọ́n pọ̀, o kò lè ki ọ̀kan kí o fi ìkejì sílẹ̀. Yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń wọlé, kí etí rọ́bà ẹnu má baà ká sínú. Bí ó bá há, má ṣe gbá a. Fà á jáde, wò ó, kí o tún un kì. Tì í títí yóò fi kanlẹ̀.

Bóòtì ìsàlẹ̀ ni ó kàn. Fi ọwọ́ lásán yí i wọlé ná. Bí ọwọ́ lásán kò bá lè yí i, ó ti wọ́ ẹyín nìyẹn. Yọ ọ́, kí o tún un fì. Nígbà tí méjèèjì bá ti wọlé, fi ẹ́líńkíì fún òsì díẹ̀, fún ọ̀tún díẹ̀, títí wọn yóò fi dúró. Ibi tí ó yẹ kí á dúró sí ni ó ṣòro jù láti kọ sílẹ̀. Bàbá ní kí á fi ìka mẹ́ta di apá kúkúrú ẹ́líńkíì mú, kí á fún un títí ìka yóò fi kọ̀, kí á má sì fi èjìká kún un. Ọ̀rọ̀ tí ó lò ni “ọwọ́ ni, kì í ṣe apá”. Ẹni tí ó bá ní sípánà tí ó ń ka ìwọ̀n agbára kí ó lò ó, irú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Kí bóòtì má baà tú fúnra rẹ̀, a máa ń kán gọ́ọ̀mù bóòtì ẹ̀kán kan sí ẹyín rẹ̀ kí á tó fì í. (Ihò òsì tí ó ti ya ńkọ́? Bàbá mú un lọ fún ẹni tí ń lu ihò, ó lu ú tóbi díẹ̀, ó sì gé ẹyín tuntun sí i. Owó tí a san jẹ́ ti olùkọ́.)

Tún rọ́bà tò sórí irin wọn bí o ti bá wọn, wọ́ṣà kan láàrin rọ́bà méjì, kí o fi gíríìsì kùn wọ́n débi pé wọ́n kàn ń dán. Bí ó bá jẹ́ sípíríǹgì irin, kùn ún bẹ́ẹ̀ náà kí ó má baà máa dún, kí ó má sì dípẹtà. Sọ wọ́n sínú ẹsẹ̀ inú. Ìdérí òkè ni ó gbẹ̀yìn, ẹyín rẹ̀ kò sì le. Gbé e lé ẹnu ihò, kí o kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn, bí ẹni tí ń tú u. Yóò dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà yóò sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó bọ́ sí ojú ọ̀nà. Nígbà náà ni kí o tó yí i síwájú. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ìdérí ìgò pẹ̀lú, inú àwọn ọmọ sì dùn sí i ju gbogbo ìyókù lọ.

Dá fọ́ọ̀kì dúró, kí o fi àyà tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Òrùka gíríìsì tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ lára ẹsẹ̀ inú lókè rọ́bà ẹnu. Nù ún kúrò, nítorí pé eruku ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òrùka kò bá yọ rárá, gíríìsì kò tó. Bí ó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù.

Ọrùn

Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ọ̀kì ti jáde kúrò lára kẹ̀kẹ́, Bàbá ní àìṣe ọrùn rẹ̀ kò dára. Ibí yìí ni ó ti sọ̀rọ̀ Raleigh fún wa pẹ̀lú ìgbádùn. Ọrùn Raleigh ní ọmọ irin róbótó 25 lókè àti 25 nísàlẹ̀. Kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀, bí ọ̀kan bá bọ́ sínú iyanrìn Gbági, o ti sọ ọjọ́ nù. Gíríìsì ni a fi ń mú wọn dúró. A ó bù ú sínú àwo náà, a ó wá máa gbin ọmọ irin sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ẹ kíyèsí i pé bù sí ni ó tọ̀nà níbí, níbi tí ó ti jẹ́ àṣìṣe lọ́hùn-ún. Irin àti irin ni wọ́n, kò sí rọ́bà láàrin wọn, nítorí náà gíríìsì bíárìn mọ́tò tí a lé kúrò nínú ẹsẹ̀ ni a pè padà sí ọrùn. Lórí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, gíríìsì méjì ni a lò, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin sì ni a fi sọ bí a ṣe lò wọ́n.

Ti kẹ̀kẹ́ agòkè rọrùn jù, nítorí pé àgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó àwọn ọmọ irin rẹ̀ jọ. Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ ni ojú tí àgò náà kọ sí. Bí a bá dojú rẹ̀ dé, ọrùn yóò máa ha ní yíyí. Lẹ́yìn tí a bá ti fún nọ́ọ̀tì ọrùn, kí á gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣubú sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí á gbé e kalẹ̀, kí á di búrẹ́ẹ̀kì iwájú mú, kí á sì mi kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ó bá dún gbì, ọrùn kò tíì dì. Wáyà búrẹ́ẹ̀kì tí a tú ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Nínú àlàyé wa àkọ́kọ́, a gbàgbé láti sọ pé kí wọ́n so ó padà. Ọmọbìnrin kan ni ó rántí.

Nígbà tí sípíríǹgì irin dé, a tú u, a tún un tò, ìṣẹ́jú 40 ni àwọn ọmọ fi ṣe é. Ọmọ tí ó ni kẹ̀kẹ́ ń gùn ún sọ̀kalẹ̀ ní Mápó títí di òní. Lẹ́yìn ọyẹ́ tí ó kọjá, a tún ṣí i wò. Gíríìsì ẹnu ti dúdú, ti búṣì ìsàlẹ̀ ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí a fi pa á, bóòtì ìsàlẹ̀ méjèèjì kò sì yẹ̀. A nu ti ẹnu kúrò, a fi tuntun tọ́ ọ, a sì dé e padà.